Ẹbí fẹ́ gba ẹ̀kú eégún wọn padà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: ẹ bá mi dá sí i

ỌmọSítóò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Ẹ dákun, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, pàápàá lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rí àti ẹ̀yin ọmọ ọ̀jẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan níbí n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń mójú tó rẹ́jísítà àti sítóò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan kó àwọn ọmọ ilé rẹ̀ lẹ́yìn wá sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n ní ẹ̀kú eégún ilé àwọn wà lọ́dọ̀ wa láti nǹkan bí ọdún 1983, pé olórí ẹbí ìgbà náà ló gbé e wá nígbà tí òrùlé ilé ń jò, tí ẹni tó ń gbé eégún náà sì ti kú. Wọ́n ní ó fi pamọ́ ni, kò fi ta wá lọ́rẹ. Ní báyìí wọ́n ti rí ọmọ ilé tó máa gbé e, ọdún eégún sì ti fẹ́ dé. Wọ́n fẹ́ gba ẹrù wọn.

Mo ṣí rẹ́jísítà. Nọ́ńbà ẹ̀ wà níbẹ̀. Àpèjúwe ẹ̀ wà: ẹ̀kú, aṣọ lóríṣiríṣi, owó ẹyọ, ojú àwọ̀n. Ọjọ́ tó wọlé wà. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí wọ́n kọ bó ṣe wọlé sí, bóyá wọ́n fi tọrẹ ni o, bóyá a rà á ni o, ẹni tó kọ ọ́ kàn fa ìlà gbọọrọ kan, ó kọjá lọ. Kò sí lẹ́tà, kò sí rìsíìtì. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti di olóògbé.

Ọ̀gá mi ti ìsinsìnyí ní ohun tó bá ti wọ rẹ́jísítà ti di tiwa nìyẹn. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i?

Jẹ́jẹ́Láyé

Ẹ kó ẹrù onílé fún onílé. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Agbẹjọ́rò_Bẹẹrẹ

@Jẹ́jẹ́Láyé, ẹ rọra. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A ò tíì gbọ́ tẹnu ọ̀gá yẹn.

Ṣùgbọ́n àbúrò, ohun kan wà tó yẹ kí ọ̀gá yín mọ̀. Kíkọ nǹkan sínú rẹ́jísítà ò sọ ọ́ di tẹni tó kọ ọ́. Rẹ́jísítà ń fi hàn pé ẹrù wà lọ́wọ́ yín ni, bó ṣe dé ọwọ́ yín ló máa sọ ẹni tó ni ín. Bí mo bá gbé ẹrù mi fún yín kẹ́ ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ fún ogójì ọdún, ẹ ṣeun ni mo máa sọ.

Ìkejì, ẹ̀kú eégún ilé kì í ṣe ohun ìní ẹnìkan. Ohun ìní ẹbí ni. Nínú àṣà wa, kódà nílé ẹjọ́, ẹnìkan kì í dá ohun ìní ẹbí tà tàbí kó dá a fi tọrẹ. Olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹ tilẹ̀ rí ìwé tí bàbá yẹn nìkan tọwọ́ bọ̀, ẹ ṣì ní ọ̀rọ̀ í sọ.

Olùtọ́jú_Àná

Ọmọ mi, má bínú sí ọ̀gá rẹ jù. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Láwọn ọdún 1990, olè fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, wọ́n kó nǹkan lọ. Èsìé, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945, wọ́n jí àwọn ère òkúta níbẹ̀ náà. Lásìkò tiwa, ẹnìkan á wá, á ní òun lọmọ onílé. Tí a bá gbé nǹkan fún un, kò ní pẹ́ tá a ó fi gbọ́ pé ó ti wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan l'Ékòó. Ohun tó bá ti kọjá omi òkun, ta ló máa lọ gbà á wá? Òfin 1979 tó dá NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, sílẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ, àmọ́ ẹ wo báwọn èèyàn ṣe ń kó o jáde. Ìbẹ̀rù yẹn ló sọ àwa olùtọ́jú di aláháwọ́.

Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n fà yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ìlà kì í ṣe ìdáhùn. Lọ ṣe nǹkan wọ̀nyí. Wá ìwé ìnáwó ọdún náà lọ́dọ̀ akáúńtáǹtì: bí a bá ra nǹkan, owó á jáde, owó tó bá jáde á ní fáúsà. Tó ò bá rí i, ó ṣòro láti sọ pé ẹ rà á. Lẹ́yìn náà, lọ wo ara ẹ̀kú fúnra ẹ̀. Má wo rẹ́jísítà nìkan, wo káàdì kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni akọ̀wé máa ń da nọ́ńbà kọ láti ara káàdì sínú ìwé, tí á sì fo nǹkan.

Olùkọ́_Mọ́níyà

Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ wa. Láti ọdún 1897 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jó Bìní, à ń pariwo pé kí wọ́n dá ẹrù padà. Fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ́dún 1977, Nàìjíríà ní kí British Museum jẹ́ ká lo ìbòjú eyín erin Ìyọba Idia, ìbòjú tó jẹ́ àmì àjọ̀dún náà gan-an, wọ́n kọ̀. Bí a bá béèrè lónìí, wọ́n á na ìwé òfin 1963 sí wa, pé òfin ò jẹ́ káwọn yọ nǹkan kúrò nínú àkójọ àwọn. Gbogbo wa ló ń bínú sí i. Ọ̀gá yìí náà wá ń sọ ohun kan náà fún bàbá arúgbó kan n'Íbàdàn. “Ohun tó bá ti wọ rẹ́jísítà.” Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù?

Olùtọ́jú_Àná

Ìyàtọ̀ wà, Olùkọ́. Àwa ò jó ilé ẹnikẹ́ni kó tó wọlé.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín.

Àárín_Gbùngbùn

Ṣé kò sí ọ̀nà àárín ni? Lọ́dún 2024, British Museum àti V&A (ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì ní Lọ́ńdọ̀nù) gbé ohun ọ̀ṣọ́ Asante 32 lọ sí Gánà, tí wọ́n pàtẹ wọn ní Kumasi nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia. Wọ́n yá wọn ni, fún ọdún mélòó kan. Ẹ yá ẹbí náà ní ẹ̀kú yẹn fún ọdún eégún, kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n dá a padà lẹ́yìn ọdún. Ọ̀gá á ní ẹ̀rí, ẹbí á ní eégún.

Ọmọ_Ọ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ẹ máa yá mi ní ẹ̀kú bàbá mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa. Àwọn ará Gánà pàápàá ò tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ yíyá yẹn tayọ̀tayọ̀, ọ̀pọ̀ ló ń bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń yá èèyàn ní ẹrù tí wọ́n kó lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan, torí ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ẹ̀kú dà bí ère. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ère, wọ́n gbẹ́ ẹ tán lọ́jọ́ kan. Ẹ̀kú ò tán rí. Lọ́dọọdún, kí eégún tó jáde, a máa ń rán aṣọ tuntun mọ́ ọn. Obìnrin tó tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ eégún tó sì rí i bí, á mú aṣọ wá. Ẹni tó bọ́ nínú ẹjọ́ á mú tiẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ṣányán, àlàárì, àrán, léèsì, àdìrẹ, gbogbo ẹ̀ lórí ara wọn. Ẹ bá mi ka àwọn aṣọ yẹn láti ìsàlẹ̀ wá sókè, màá sọ ìtàn ilé fún yín. Ẹ̀kú tí ẹnikẹ́ni ò rán nǹkan mọ́ láti 1983, ẹ lẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹ̀? Ebi ni ẹ fi ń pa á.

Ẹ tún gbọ́ o. Àbúrò tó kọ̀wé yìí, ṣé obìnrin ni yín?

ỌmọSítóò

Obìnrin ni mí, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ.

Ọmọ_Ọ̀jẹ̀

Mi ò fẹ́ bú yín. Àwọn àgbà ní awo Egúngún lobìnrin lè ṣe, awo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lobìnrin lè mọ̀, bóbìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Ìyá Agan wà nínú awo eégún, obìnrin sì ni. Ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tiẹ̀. Ẹ ò ṣáà jẹ́ wí fún ẹnikẹ́ni n'Íbàdàn pé Olóolù, eégún tí obìnrin ò gbọ́dọ̀ rí, dà bí gbogbo eégún yòókù. Ẹ kọ́kọ́ bi bàbá náà pé ta ni kó fọwọ́ kàn án. Tó bá ní ọkùnrin nìkan, ẹ wá ọkùnrin. Kò bu iṣẹ́ yín kù.

ỌmọSítóò

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo pe bàbá náà lónìí, ó ní èmi lè ṣí àpótí, kí n má ṣáà gbé apá orí wò nínú, kí n sì má gbé e kọ́ èjìká. Mo ṣe bó ṣe wí. Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ wò ó, iṣẹ́ ni mo lọ ṣe.

Ohun tí mo rí rèé. Ìwé akáúńtáǹtì ọdún 1983 wà, kò sí owó kankan tó jáde fún ẹ̀kú. Mo wá wo káàdì tó wà lára ẹ̀. Páálí kékeré ni, wọ́n fi òwú funfun so ó mọ́ etí aṣọ kan. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bá ti rẹ́jísítà mu, àfi pé lẹ́tà L ló ṣíwájú ẹ̀. Kò sí L nínú rẹ́jísítà.

Nínú àwọn aṣọ tó wà nísàlẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tí wọ́n ya òpó sí, òpó, lẹ́yìn náà ohun tó dà bíi síbí, òpó, síbí. Bàbá náà ti sọ fún mi lórí fóònù kí n tó ṣí i pé ìyá bàbá òun ló rán àdìrẹ kan mọ́ ọn, pé màá rí “ilé Mápó” lára ẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn: ìyẹ̀fun funfun wà láàárín ìṣẹ́po aṣọ àti lójú ìránṣọ, ó pọ̀ jù níbi ọrùn. Mo rò pé káfúrà ni.

Olùtọ́jú_Àná

L! Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe ń ṣe é nìyẹn: ohun tí kì í ṣe tiwa, tí a kàn gbà sọ́dọ̀ fún ìgbà díẹ̀, L là ń fi síwájú nọ́ńbà ẹ̀ kó má baà dà pọ̀ mọ́ tiwa. Ẹni tó da káàdì kọ sínú ìwé ló fo L. Lẹ́tà kan péré! Ya fọ́tò káàdì yẹn níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó gé òwú náà.

Ìyá_Aláró

Òpó àti síbí? Ìbàdàndùn nìyẹn, ọmọ mi. Àwọn òpó iwájú gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n ń yà. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, nítorí náà aṣọ yẹn ò lè ṣáájú ọdún yẹn, àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ nìkan ló lè ṣáájú. Bàbá yẹn ò parọ́. Olè tó wá fẹ́ gba ẹrù ẹlẹ́rù ò ní mọ̀ pé ìyàá bàbá ẹnìkan rán Ìbàdàndùn sínú ẹ̀kú tí wọ́n ti tì mọ́ sítóò láti ìgbà yẹn.

Alátùn-únṣe

Ẹ dúró ná, gbogbo yín. @ỌmọSítóò, ṣé ẹ wọ ìbọ̀wọ́? Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ àti omi púpọ̀, ẹ fọ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́tọ̀.

Ìyẹ̀fun yẹn lè máà jẹ́ káfúrà. Káfúrà kì í ṣẹ́ kù, ṣe ló máa ń fò sínú afẹ́fẹ́ títí tó fi máa tán. Kó wá wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún? Ó ṣòro. Iṣẹ́ títún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe ni mò ń ṣe, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni oògùn apakòkòrò. Láyé àtijọ́, kì í ṣe lọ́dọ̀ tiwa nìkan, kárí ayé ni wọ́n ti ń fi ásẹ́níkì, mẹ́kúrì àti DDT sí aṣọ, awọ àti ìyẹ́ kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. DDT máa ń yọ funfun jáde sára aṣọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹni tó ń fọ́n ọn kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀, ìlà gbọọrọ yín náà ni.

Lọ́dún 1990, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan, NAGPRA, tó ní kí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dá ohun mímọ́ padà fún àwọn ẹ̀yà tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Àwọn Hopi gba tiwọn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ásẹ́níkì wà lára àwọn kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ dé sójú jó.

Ẹ wá wo ẹni tó máa gbé ẹ̀kú yìí. Orí ẹ̀ wà nínú aṣọ, àwọ̀n ojú ló fi ń mí. Ó ń jó nínú oòrùn láti àárọ̀, ó ń làágùn, aṣọ ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, níbi tí ìyẹ̀fun yẹn pọ̀ sí jù. Bí a bá dá ẹ̀kú padà láìsọ ohun tó wà lára ẹ̀, a ò dá nǹkan kan padà, àìsàn la gbé fún wọn.

Àyẹ̀wò méjì lẹ nílò. Ẹ̀rọ XRF, àwọn kan ṣeé gbé lọ́wọ́, á sọ bóyá ásẹ́níkì, mẹ́kúrì tàbí òjé wà níbẹ̀, kò sì ní gé aṣọ. Ṣùgbọ́n kò lè rí DDT. Fún ìyẹn, ẹ máa fi òwú nu ìyẹ̀fun díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí yàrá ìwádìí kẹ́mísírì. Ẹ lọ béèrè ní yunifásítì. Títí ìgbà náà, ìbọ̀wọ́ nítráìlì àti ìbòmú ni fún ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fọ̀ ọ́: omi ò ní kó gbogbo ẹ̀ lọ, á kàn tàn án ká ni.

Jẹ́jẹ́Láyé

Hẹn-ẹ́n. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Ọmọ_Ọ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí bà mí nínú jẹ́. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Tó bá wá jẹ́ májèlé lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé ó di ẹ̀kú inú àpótí títí láé nìyẹn?

Alátùn-únṣe

Kì í ṣe èmi ló máa dá ìyẹn. Èmi máa sọ ohun tó wà lára ẹ̀ àti ewu tó wà ńbẹ̀, ẹbí á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Àwọn Zuni ní Amẹ́ríkà gba àwọn òrìṣà ogun tí wọ́n fi igi gbẹ́ padà lọ́wọ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìta gbangba ni wọ́n gbé wọn sí, kí òjò àti oòrùn jẹ wọ́n, torí bó ṣe yẹ kí wọ́n parí nìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni pé kí nǹkan má bàjẹ́, ẹ fojú inú wò ó bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n àwọn ló ni ín.

Ohun kan fún ọjọ́ iwájú: bí kòkòrò bá wọ aṣọ tó kù nínú sítóò, ẹ má fọ́n oògùn mọ́. Ẹni tó bá ní iná tó dúró lè fi ọ̀rá dì í pinpin, kó gbé e sí fíríìsà tó tutù tó òdo dín ogún (−20°C), fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ó gbọ́dọ̀ tutù kíákíá o. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, kòkòrò á mọ́ra, kò ní kú. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí otútù ara ẹ̀ á fi lọ, kí omi má baà sẹ̀ sára aṣọ. Níbi tí iná ò ti dúró, bíi tiwa, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kẹ́ ẹ kó àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ́síjìn sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò ò ní rí afẹ́fẹ́ mí.

Olùkọ́_Mọ́níyà

Ẹni tó bá ń sọ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn onísìn ò lè jọ ṣiṣẹ́, kó lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ọdún 1965 ló ti di ohun ìrántí ìjọba àpapọ̀, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Òṣìṣẹ́ NCMM wà níbẹ̀, ìwòrò Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, lóṣù kẹjọ Arugbá ń gba àárín wọn kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kí Arugbá lọ kọ fọ́ọ̀mù ìyálò.

Ẹ sì fi ti Bìní kọ́gbọ́n. Jámánì fi ẹ̀tọ́ ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lélẹ̀ lọ́dún 2022, àríyànjiyàn ta ló yẹ kó gbà á ṣì ń lọ. Lọ́dún 2023 ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ọba Bìní ló ni ín. Nígbà tó fi di November 2025, tí wọ́n fẹ́ ṣí MOWAA, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun ní Bìní, àwọn èèyàn ya wọ ibẹ̀, ayẹyẹ dàrú. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yanjú ti ẹni tó ni ín.

ỌmọSítóò

Ẹ kú àánú mi. Èsì rèé. Mo gbé fọ́tò káàdì àti ìwé akáúńtáǹtì síwájú ọ̀gá mi. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní kí n pe ẹbí. Wọ́n dé, pẹ̀lú àwọn àgbààgbà ilé. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ti ìyẹ̀fun fún wọn. Ilé dákẹ́. Ọmọkùnrin tó fẹ́ gbé eégún náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó sọ.”

Ibi tá a bá a dé: a máa kọ L padà sínú rẹ́jísítà, pẹ̀lú ìdí àti ọjọ́, láìpa ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. A máa kọ ìwé pé ti ẹbí ni. Lọ́dún yìí wọ́n máa rán ẹ̀kú tuntun, ti àtijọ́ á wà lọ́dọ̀ wa títí àbájáde àyẹ̀wò á fi dé, lẹ́yìn náà wọ́n á pinnu. Ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ló máa san owó àyẹ̀wò, torí bó bá jẹ́ oògùn ni, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti fọ́n ọn sí i.

Ohun kan ló kù tí wọn ò tíì gbà fún ara wọn. Bàbá ní bí kò tilẹ̀ jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ rán aṣọ mọ́ ọn lọ́dún yìí. Ọ̀gá ní rárá, pé a kì í fi nǹkan tuntun kún ohun tó wà nínú sítóò.

Alátùn-únṣe

Nǹkan tiwọn ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán an. Kẹ́ ẹ ṣáà ti gba èsì àyẹ̀wò ná, kí ẹni tó máa rán an wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kó wà lórí àwọn aṣọ òkè pátápátá kí abẹ́rẹ́ má baà gún èyí tó ti gbó. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n rán an àti ẹni tó mú un wá sínú fáìlì. Aṣọ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ nìyẹn.

Ìyá_Aláró

Bó bá jẹ́ àdìrẹ tuntun ni wọ́n fẹ́ rán, kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Aró tuntun á yí mọ́ gbogbo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tàbí kí wọ́n lọ ọjà Òjé, kí wọ́n ra aṣọ òkè.

Agbẹjọ́rò_Bẹẹrẹ

Ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ yẹn, orúkọ ẹbí ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ má fi orúkọ bàbá yẹn nìkan sí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbààgbà ilé tọwọ́ bọ̀ ọ́, lóbìnrin lọ́kùnrin, kẹ́ ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ wọn nílé. Ẹ kọ ti ìyẹ̀fun sínú ẹ̀ pẹ̀lú.